Òwú Òkè, Òwú Ìsàlẹ̀

Nígbà tí ọmọbìnrin mi ní kí n kó kúrò nílé tí èmi àti bàbá wọn ń gbé nínú Chicago, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Woodridge, mi ò ní ẹjọ́ kankan lẹ́nu. Àtẹ̀gùn ilé yẹn ga, orúnkún mi sì ti ń bá mi ṣọ̀tá. Ohun kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí n lè sọ pé ó dáa. Máṣíìnì bàbá wọn wà lórí tábìlì níwájú fèrèsé, aṣọ sì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bùbá mi ni. Apá ọ̀tún ti wọlé, ó ń bá apá òsì lọ nígbà tó dìde tó ní ẹ̀yìn ń ro òun, òun fẹ́ nà díẹ̀ kí Alásárì tó tó. Kò dìde mọ́.

Láti ọjọ́ náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé abẹ́rẹ́ yẹn sókè. Mò ń nu eruku orí tábìlì, mò ń nu ara máṣíìnì, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́ mo máa ń rọra yí i ká bí ìgbà téèyàn ń nu ojú ọmọ tó sùn. A kò sì lè gbé máṣíìnì lọ sí Woodridge pẹ̀lú aṣọ lẹ́nu rẹ̀. A ó gbé abẹ́rẹ́ sókè, a ó gé òwú. Bí a bá sì gé òwú yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi parí láyé nìyẹn. Ohun tó ń dùn mí lọ́kàn nìyí. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì kà á délẹ̀. Àmọ́ Ọlọ́run fún mi ní ọpọlọ orúkọ. Mo rántí orúkọ gbogbo ọmọ tá a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo rántí àwọn arúgbó òyìnbó tí mo wẹ̀ fún ní Evanston kí ẹsẹ̀ mi tó kọ iṣẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń gé e sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ orúkọ kankan síbí. Wọ́n kọ́ wa nílé pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, títí kan ọmọ ọwọ́. Gbogbo ẹni tí ìbá bá mi wí ti lọ, ẹnu mi kò tíì gbà á síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bí ọkọ mi ni Bàbá Àgbà, ọkọ mi ni bàbá wọn, ó tán.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà ni máṣíìnì ti bẹ̀rẹ̀ nílé wa ní Ìwó. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí mo dé bí ìyàwó, ó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo ìyàwó tó bá wọlé, bíi pé ara ìdáná ni. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ọwọ́ ni gbogbo télọ̀ ìlú fi ń ránṣọ. Orí ẹní ni wọ́n ń jókòó sí, wọn a ka ẹsẹ̀, wọn a fi itọ́ rẹ òwú lẹ́nu, wọn a tẹjú mọ́ ọn títí ojú á fi pọ́n. Ẹni tó bá gbé agbádá fún wọn nígbà tí iṣu ń ta, ó lè jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ń wa iṣu ni yóò wọ̀ ọ́.

Bàbá Àgbà bá àwọn olóbì lọ sí Èkó. Nígbà tó máa fi bọ̀, ó gbé irin kékeré kan sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè, ó fi aṣọ wé e bí òkú ọmọ. Àlòkù ni. Òwú kan ṣoṣo ni ó ń lò. Téèyàn bá yí ọwọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ á máa lọ sókè sódò, òwú á máa kọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ bí ẹ̀wọ̀n, òrùka kan á di èkejì mú. Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó. Àwọn àgbà télọ̀ wá, wọ́n dúró, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Ọ̀kan ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ata lo fẹ́ lọ̀ ni, tó o ń yí i?"

Èkejì ní, "Irin ló ń rán an. Òun kàn ń bá a jókòó ni, kí àárò má baà sọ ọ́."

Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn fọwọ́ kan ojú rírán, ó ní, "Aṣọ tí a ò fi itọ́ ẹnu rẹ òwú rẹ̀, ṣé aṣọ èèyàn nìyẹn?"

Bàbá Àgbà ní, "Ẹ máa rán lọ o, ẹ̀yin bàbá. Iléyá ń bọ̀."

Iléyá sì kù sí dẹ̀dẹ̀ lóòótọ́. Ó rán ti gbogbo agbo ilé tán, àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ṣì ń wá òwú sójú abẹ́rẹ́. Ni olóyè kan bá gbé kẹ̀ǹbẹ̀ wá. Kẹ̀ǹbẹ̀ ńlá, tó fẹ̀ bí àgọ́. Bàbá Àgbà rán an, ó yọ ọ́ nídìí máṣíìnì, ó gbé e lọ fún olóyè. Kò rántí pé òun kò ta kókó sí ìparí òwú.

Àwọn tó mọ̀ nípa máṣíìnì olówú kan mọ ohun tó kù. Rírán yẹn le bí irin tí ẹ bá fà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá rí ìparí rẹ̀ mú, tí ẹ fà á, òrùka kan á tú èkejì sílẹ̀, yóò máa tú lọ ni, bí ẹni ń sá lọ sílé.

Ní yídì, wọ́n so àgbò lèmọ́mù mọ́lẹ̀ nítòsí ibi tí àwọn olóyè tò sí. Olóyè wa forí kanlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìyókù, òwú gbọọrọ kan sì ń fì lẹ́yìn rẹ̀. Àgbò rò pé koríko ni. Ó gbé e sẹ́nu. Nígbà tí olóyè dìde, àgbò ò tú u sílẹ̀. Bàbá Àgbà ní òun ń gbọ́ ọ láti ìlà ẹ̀yìn, rírán ń tú ní "rẹrẹrẹ," òun ò sì lè já ìrun òun. Ìlú sọ ọ́ di òwe: olóyè wọ ṣòkòtò lọ sí yídì, ìró ló ró bọ̀.

Àwọn obìnrin ilé tiẹ̀ burú jù. Bí wọ́n bá ti rí Bàbá Àgbà, wọ́n á ní, "Télọ̀ àgbò, ẹ kú iṣẹ́ o! Àgbò tiwa náà fẹ́ dá aṣọ."

Ìtìjú yẹn ló mú kó wá máṣíìnì mìíràn, olówú méjì. Òun ni máṣíìnì tí mò ń sọ yìí. Òwú kan ń bọ̀ lókè láti inú abẹ́rẹ́, òwú kejì wà nísàlẹ̀ lára bọ́bìn, nínú irin kékeré kan tó rí bí ọkọ̀ ojú omi. Abẹ́rẹ́ á gbé tòkè wọlé, ọkọ̀ kékeré yẹn á gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn méjèèjì á gbá ara wọn mú láàárín aṣọ, níbi tójú ò dé. Kò sí àgbò tó lè tú u. Bàbá Àgbà máa ń sọ pé, "Òwú òkè làwọn oníbàárà ń rí. Ti ìsàlẹ̀ ló dì í mú."

Òun náà ló fi òfin kan lélẹ̀ nínú ilé: abẹ́rẹ́ kì í sùn nínú aṣọ. Bí iṣẹ́ kò bá tiẹ̀ tán, bí o bá ti fẹ́ dìde, yọ abẹ́rẹ́ kúrò. Ó ní aṣọ tí abẹ́rẹ́ bá sùn nínú rẹ̀, ara kò ní rọ ẹni tó ni ín. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò bi àwọn ọmọ iṣẹ́ pé, "Abẹ́rẹ́ ńkọ́?" Wọ́n á ní, "Ó ti jáde, bàbá." Ìgbà náà ni yóò tó jẹun.

Bàbá wọn jogún máṣíìnì, ó jogún òfin. Mo fẹ́ ẹ, wọ́n fún mi ní iṣẹ́ tèmi nídìí máṣíìnì: èmi ni mò ń wé òwú sí bọ́bìn. Ẹ má wò ó pé iṣẹ́ kékeré ni. Bí o bá wé e le jù, aṣọ á sún kì. Bó bá dẹ̀, á lọ́. Bàbá wọn kì í sì í wò ó. Etí ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí òwú ìsàlẹ̀ bá ti ń tán, ó ní ìró ń yí padà. Mo lè wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo lè máa fọ abọ́, màá kàn gbọ́ ni: "Ìyá wọn! Òwú ìsàlẹ̀!" Màá nu ọwọ́, màá lọ. Bí a ṣe tọ́ ọmọ nìyẹn.

Nígbà tí ọmọbìnrin wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì mú wa wá sí Amẹ́ríkà, bàbá wọn kò fi aṣọ púpọ̀ sínú ẹrù. Máṣíìnì ló gbé. Ní pápákọ̀ òfurufú níbí, òyìnbó kan ní kó ṣí i. Ó ṣí i. Ọkùnrin náà wo irin dúdú yẹn, ọ̀dà wúrà ara rẹ̀ ti bó, ó béèrè pé kí ni. Gẹ̀ẹ́sì bàbá wọn ò tó nǹkan. Ó ronú, ó ní, "My father." Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀, ó wo máṣíìnì, ó ní ká máa lọ.

Ó ríṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn kan tó ń fọṣọ, ó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó ń pààrọ̀ síìpù. Máṣíìnì oníná ni wọ́n ní níbẹ̀. Ó ní ó yára, àmọ́ kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Tó bá délé, á jókòó ti bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ kan, ọmọ wa mú wa lọ sí musíọ́mù, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Wọ́n ní máṣíìnì ìránṣọ kan níbẹ̀, ó ti gbó ju tiwa lọ, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Bàbá wọn dúró tì í títí. Ó ní, "Wọ́n ti sin ín láàyè." Ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún wa, ó sì fi fóònù wá ìyókù. Ó ní nílẹ̀ Faransé, nígbà tí ẹnì kan kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, olówú kan náà ni, àwọn télọ̀ rọ́ wọlé, wọ́n sì fọ́ gbogbo rẹ̀ túútúú, pé yóò gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Bàbá wọn ní, "Tiwa tiẹ̀ ṣe jẹ́jẹ́. Ẹnu nìkan ni wọ́n fi fọ́ ti bàbá mi."

Ọmọ wa ní níhìn-ín ní Amẹ́ríkà ńkọ́, àwọn tó ṣe é bá ara wọn rojọ́ nílé ẹjọ́ títí, oníkálukú ní òun lòun ni ín. Ó ní ohun tó dà wọ́n láàmú jù ni ojú abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ọwọ́, ìdí lojú rẹ̀ wà. Ti máṣíìnì, ẹnu ló gbọ́dọ̀ wà, ibi tó mú. Àwọn kan ń sọ pé ojú àlá ni ẹnì kan ti rí i, pé àwọn jagunjagun inú igbó gbé ọ̀kọ̀ wá láti pa á, ó wá rí i pé ẹnu ọ̀kọ̀ wọn ní ihò. "Daddy, kò dájú o," ọmọ wa ní. "People just say it."

Bàbá wọn ti bú sẹ́rìn-ín. "Jagunjagun inú igbó? Àwa nìyẹn! Àwa la lọ fi hàn án lójú àlá. Ó yẹ kí wọ́n fún wa nínú owó ẹ̀."

Mo ní, "Kí ló dé tí wọn ò fi han bàbá yín?"

Ó ní, "Bàbá mi kì í sùn. Abẹ́rẹ́ ló ń ṣọ́."

Bí a ṣe rẹ́rìn-ín dé inú ọkọ̀ ojú irin nìyẹn. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Bùbá tí mò ń sọ, aṣọ aláwọ̀ aró ni, ọmọ wa ló fún mi. Ó pẹ́ nínú báàgì. Aṣọ ìyàwó télọ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn, gbogbo ìyàwó télọ̀ ló mọ̀. Mo máa ń sọ fún un pé, "Tí mo bá kú, ẹ ó ráyè rán an." Yóò ní, "Má dá mi lágara, oníbàárà tí kì í sanwó." Kò mọ̀ pé òun ló ń lọ. Nígbà yẹn etí rẹ̀ ti di. Téèyàn bá ní kó wá jẹun, ó lè ní òjò ò rọ̀. Ọjọ́ tó gbé bùbá náà sórí máṣíìnì, mo wà ní kíṣìnnì, mò ń gbọ́ ọ tó ń yí ọwọ́ rẹ̀. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà máṣíìnì dákẹ́, bàbá wọn bọ́ síta, ó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tó ń ro ó fún mi, ó wọ yàrá lọ.

Àwọn ará mọ́sáláṣí ló wẹ̀ ẹ́. Aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí mọ̀ pé aṣọ yẹn kì í ní ojú rírán, kò gbọ́dọ̀ sí abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ ọjọ́ yẹn ló yé mi. Ẹni tó rán aṣọ fún tọmọdé tàgbà, aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò rán ló wọ̀ lọ. Nígbà tí mo padà délé tí mo rí abẹ́rẹ́ nínú bùbá mi, mo ní, bàbá wọn tí kì í fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ, tó bá jẹ́ pé omi ló fẹ́ mu lásán, yóò kọ́kọ́ yọ ọ́. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀, ó ń padà bọ̀ nìyẹn. Mo mọ̀ pé kò ní padà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá yọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé tá a fẹ́ kó, ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ wá. Ọkọ ọmọ mi jẹ́ ọmọ dáadáa, ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ nìkan ló dà bí ti ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Wọ́n kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó ìkòkò, ó ku tábìlì iwájú fèrèsé.

Ọkọ ọmọ mi ní, "Mummy, a lè gbé e pẹ̀lú table, ma. Màá fi tape di aṣọ náà mọ́ ọn."

Wọ́n gbìyànjú rẹ̀. Tábìlì kò gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Wọ́n dà á síbí, wọ́n dà á sọ́hùn-ún, máṣíìnì ń mì, mò ń pariwo pé, "Ẹ rọra! Ẹ rọra! Abẹ́rẹ́!" Wọ́n gbé e padà sílẹ̀.

Ọmọ mi nu òógùn. "Mummy, ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́. I'll be careful. Daddy ò ní fẹ́ kí ẹ máa—"

"Má sọ ohun tí bàbá rẹ ò ní fẹ́ fún mi. Ṣé ìwọ lo fẹ́ ẹ ni?"

Ọkọ rẹ̀ wojú ilẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ nídìí àga mi, kò kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti di ará Amẹ́ríkà. Ó ní, "Mummy, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Abẹ́rẹ́ kì í sùn nínú aṣọ. Ẹ ní ara kì í rọ ẹni tó ni ín. Ta ló ni bùbá yìí?"

Èmi ni mo ni ín. Ara ò sì rọ̀ mí lóòótọ́.

Mo fa àga mọ́ máṣíìnì. Mo yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ ara mi, abẹ́rẹ́ rọra jáde. Mo gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì tó tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè. Mo wá di aṣọ mú kí n lè fà á, mo ti múra sílẹ̀ fún òwú méjèèjì tí yóò tẹ̀ lé e, tí màá gé. Aṣọ jáde wọ̀ọ́. Ohunkóhun ò dì í mú nísàlẹ̀.

Mo yí i padà. Òwú ìsàlẹ̀ ti tán tipẹ́. Ó tán níbi tí apá ti ń yí lọ sí abíyá. Láti ibẹ̀ dé ibi tí abẹ́rẹ́ dúró sí, ihò lásán ni, ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ó gún régé, òwú òkè kàn sùn sórí rẹ̀. Mo fi ìka kan gbé e, gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé mi. Ohun tí mo ti ń ṣọ́, tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, kò sí rírán kankan nínú rẹ̀.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú mi. Ọmọ mi bẹ̀rù. "Mummy, what is it? Kí ló dé?"

Mo ní, "Bàbá yín ń rán afẹ́fẹ́."

Nígbà náà ni ẹkún wá dé. Kì í ṣe nítorí ihò yẹn. Nítorí pé kò pè mí ni. Etí rẹ̀ kò gbọ́ ìró tó yí padà mọ́, kò mọ̀ pé ó yẹ kó pè. Gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ aya rẹ̀, bí òwú ìsàlẹ̀ bá tán, yóò pè.

Ọkọ ọmọ mi ní, "Ṣé ká máa gbé e lọ wàyí, ma?" Ọmọ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a.

Mo ní kó bá mi wá àpótí òwú nínú ẹrù tó ti kó sínú ọkọ̀. Ó sáré lọ. Mo wé òwú sí bọ́bìn, kò le jù, kò dẹ̀. Mo fi í sínú irin kékeré tó rí bí ọkọ̀ ojú omi yẹn, mo tì í wọlé. Mo gbé aṣọ padà, mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí òwú ti tán. Mò ń yí i pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, mò ń fi òsì darí aṣọ sójú ihò rẹ̀. Nígbà mìíràn abẹ́rẹ́ bọ́ sínú ihò tirẹ̀, nígbà mìíràn ó gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mi ò dúró. Mo dé ibi tó dé, mo kọjá rẹ̀, mo rán apá náà dé òpin.

Mo yọ abẹ́rẹ́. Mo fi àlùmọ́gàjí gé òwú méjèèjì, mo ta wọ́n ní kókó.

Mo ní, "Ẹ gbé e."

Tábìlì nìkan la fi sílẹ̀ níbẹ̀. Máṣíìnì wà lẹ́sẹ̀ mi nínú ọkọ̀ títí a fi dé Woodridge. Mo wọ bùbá náà lọ sí mọ́sáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Apá òsì fún mi díẹ̀ lábíyá, níbi tí rírán tirẹ̀ ti parí, tí tèmi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ní ká wá ẹni tó máa tú u, kó tún un rán. Mo ní rárá, ó ti dì mú.